Ta Ló Fà Á? Àkọsílẹ̀ Ọ̀rọ̀ Ìdílé Kan ní Kubwa

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kejì, obìnrin kan tí àwọn ará ọjà Kubwa mọ̀ sí Ìyá Aláṣọ yà sí ọ̀dọ̀ mi kí ó tó lọ ṣí ìsọ̀ rẹ̀. Kò tíì jókòó tí ó fi yọ ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé kan jáde nínú báàgì. Ọ̀rá ni ó fi wé e. Nígbà tí mo ṣí i, mo rí i pé ó ti fi rúlà fa ìlà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọdún sí òkè, ó to oṣù sí ẹ̀gbẹ́, ó sì fi bírò pupa kọ iye ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ sùn nílé nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, láti ọdún tí wọ́n bí àbíkẹ́yìn wọn títí ọmọ náà fi jáde iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Oṣù kan ní ọjọ́ mẹ́ta, òmíràn ní méjì, àwọn kan sì wà tí ó kọ òdo sí. Ó ní òru mẹ́rin ni òun kò fi sùn tí òun ń rántí wọn, pé ọjọ́ tí àwọn san owó iléèwé, ọjọ́ ìkómọjáde ará ilé, àti ọjọ́ tí ibà dá ọmọ gúnlẹ̀ ni òun fi ń wá àwọn ọjọ́ náà kàn. Ó gbé ìwé náà lé mi lẹ́sẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó," ni ó wí. "Ẹ bá mi wò ó bóyá èmi ni mo sọ ọmọ yìí dà bẹ́ẹ̀."

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà ni mo fi ọdún 29 ṣe kí n tó fẹ̀yìntì, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ará àdúgbò fi máa ń gbé irú ọ̀rọ̀ báyìí wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá, lọ́wọ́ bàbá àti lọ́wọ́ ọmọ kí n tó kọ èyí sílẹ̀, mo yọ orúkọ kúrò, mo sì yí àwọn àmì kan padà tí èèyàn lè fi mọ ilé wọn. Mo kọ ọ́ nítorí pé ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ń gbé irú ẹrù tí obìnrin yìí gbé, pé òun ni ó fà á tí ọkàn ọmọkùnrin rẹ̀ fi ń fà sí ọkùnrin, àti nítorí pé inú ìwé tí wọ́n fi kọ́ èmi gan-an níṣẹ́ ni apá kan nínú ohun tí wọ́n fi dá a lẹ́bi ti jáde.

Ọkùnrin mẹ́rin ni tọkọtaya náà bí. Iṣẹ́ ojú ọ̀nà ni bàbá ń ṣe, ó sì ti bá àwọn agbaṣẹ́ṣe lọ sí Kaduna, Minna, Gusau àti Maiduguri, tí ó ń wálé nígbà tí owó oṣù bá jáde. Àbíkẹ́yìn, ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé, jẹ́ ẹni ọdún 23. Ó ti jáde yunifásítì, ó ń dúró de ìwé tí yóò fi lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Nínú oṣù Kìíní ni àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ọmọbìnrin kan fún un, ọmọ ọ̀rẹ́ ìdílé, pé kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tánkì omi, ó sì sọ fún un pé ọkàn òun kò fà sí obìnrin rí, pé ọkùnrin ni ó ń fà sí, pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí kí òun tó mọ orúkọ tí àwọn èèyàn ń pè é. Ẹ̀gbọ́n náà gbé e mì fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin ó sọ fún bàbá, bàbá sọ fún ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ tí ó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ wọn, wọ́n sì pe ìpàdé ẹbí sí ọjọ́ Ìsinmi.

Ẹ̀gbọ́n bàbá gbé ìwé pélébé kan wá sí ìpàdé náà, fọ́tòkópì ni, ojú ewé rẹ̀ ti ń ṣá. Ó kà á sí etí gbogbo ilé pé bí ìyá bá rọ̀ mọ́ ọmọkùnrin rẹ̀ jù, tí bàbá sì jìnnà sí i, ọkàn ọmọ náà yóò yí kúrò lọ́dọ̀ obìnrin sọ́dọ̀ ọkùnrin. Ó ní àwọn dókítà òyìnbó ni wọ́n ṣe ìwádìí rẹ̀. Nígbà tí ó kà á tán, àbúrò bàbá kan, obìnrin, ni ó dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀: ọmọ tí ó dára, ti bàbá ni; èyí tí kò dára, ti ìyá rẹ̀ ni. Ìyá Aláṣọ sọ fún mi pé ńṣe ni òun rí i tí orí gbogbo wọn ń mì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti ronú púpọ̀ lórí ìṣẹ́jú yẹn. Ohun tí àwọn kan sọ ní New York ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn dé Kubwa, ó bá ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa ti ń sọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ó sì jókòó tì í bí ẹbí. Ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ibi tí ó ti ń bọ̀, nítorí pé ojú rẹ̀ jọ ojú ará ilé. Ìpàdé náà parí sí pé kí ìyá kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní yàrá ọkọ, kí wọ́n sì mú ọmọ lọ sí ilé àdúrà kan lọ́nà Mararaba fún ogójì ọjọ́ ààwẹ̀. Bí kò bá fẹ́ lọ, kí wọ́n fi agbára mú un.

Kí n tó ka ìlà kejì nínú ìwé onírúlà náà, mo bi ìyá léèrè bí ọmọ ṣe ń jẹun àti bí ó ṣe ń sùn. Ó ní kò jẹ ju ẹ̀kọ mímu lọ láti ọjọ́ márùn-ún, ó sì ti fún ọmọ aládùúgbò ní bàtà rẹ̀ méjèèjì àti fóònù rẹ̀. Mo pa ìwé náà dé, mo tẹ̀lé e lọ sílé. Ẹni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ mi pẹ́ mọ ohun tí ó túmọ̀ sí nígbà tí ọ̀dọ́ bá ń fi ohun ìní rẹ̀ ta ọrẹ láìsí ìdí. Mo bi ọmọ náà tààrà bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀. Ó dákẹ́ pẹ́, ó ní, "Mo ti ń rò ó, Màmá." A kó ohun tí ó lè fi ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá kúrò nítòsí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà gbà láti máa sùn sí yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀, mo sì bá wọn wá dókítà tí ó ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí láìbú èèyàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá lórí èyí nìkan. Mo sọ ọ́ kí ó yé ẹni tí ń kà á pé ìbéèrè ohun tí ó fà á lè dúró. Ẹ̀mí kì í dúró.

Mo kìlọ̀ fún wọn pẹ̀lú pé kí ọ̀rọ̀ náà má ṣe jáde kúrò nínú ilé. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ìgbéyàwó láàárín akọ àti akọ tàbí abo àti abo, ó sì fi ọdún 10 lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá ń fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ní Gishiri, nínú Abuja níhìn-ín, àwọn èèyàn kóra jọ pẹ̀lú igi àti irin, wọ́n wọ ilé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan, wọ́n sì lù wọ́n bí ẹni máa kú. Ìyá Aláṣọ rántí rẹ̀ dáadáa. Ó ní nígbà yẹn òun wí fún ẹni tí àwọn jọ ń tajà pé kò kan òun.

Nígbà tí ọkàn wá balẹ̀ díẹ̀, mo jókòó tì í pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ inú ìwé pélébé yẹn ní ẹni tí ó ni ín. Ní ọdún 1962, Irving Bieber, dókítà ọpọlọ ní New York, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọkùnrin 106 tí ọkàn wọn ń fà sí ọkùnrin àti 100 tí ọkàn wọn ń fà sí obìnrin. Wọ́n ní ìyá tí ó so mọ́ ọmọ pinpin àti bàbá tí ó jìnnà tàbí tí ó korò ni ó pọ̀ jù nínú ilé àwọn 106 náà. Ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ jẹ́ ti oníṣòwò: "Àwọn wo ni wọ́n bi?" Mo dá a lóhùn pé gbogbo àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ni ó wà lọ́wọ́ dókítà ọpọlọ fún ìtọ́jú, àti pé àwọn dókítà náà ni ó fi ọwọ́ ara wọn kọ ìdáhùn sí ìwé ìbéèrè, àwọn tí ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé àìsàn ni ìfẹ́ bẹ́ẹ̀, pé láti inú ìtọ́dàgbà ni ó sì ti ń wá. Wọn kò lọ bá ìyá kankan nílé. Ó wo ojú mi. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "bí mo bá lọ jókòó ti télọ̀ tí ó ń tún aṣọ yíya ṣe, tí mo ka aṣọ tí ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ṣé mo lè jáde wá sọ pé gbogbo àǹkárá ayé ni ó ya?" Mo ti gbọ́ àríwísí lórí ìwádìí náà lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ èyí tí ó ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀.

Sigmund Freud, tí àwọn dókítà wọ̀nyẹn ń pè ní baba iṣẹ́ wọn, kò le tó wọn. Ní ọdún 1935, ìyá kan ní Amẹ́ríkà kọ lẹ́tà sí i nípa ọmọkùnrin rẹ̀, ó sì fèsì. Freud gbà pé ìdàgbàsókè ìfẹ́ ara ni ó dúró síbì kan nínú irú ẹni bẹ́ẹ̀, èyí tí àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò rí ẹ̀rí tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ fún obìnrin náà pé kì í ṣe ohun ìtìjú, kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́, a kò sì lè pè é ní àìsàn, àti pé òun kò lè ṣe ìlérí pé ìtọ́jú yóò yí i padà. Mo sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún Ìyá Aláṣọ. Ó ní kí n tún un sọ. Ó bi mí pé, "Ìyá yẹn kọ lẹ́tà sí i?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ó sì dá a lóhùn." Ó fi etí gèlè rẹ̀ nu ojú.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun kan níhìn-ín. Nígbà tí mo wà ní iléèwé nọ́ọ̀sì, wọ́n kọ́ wa ní tíọ́rì ìyá tí ó rọ̀ mọ́ni àti bàbá tí ó jìnnà gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó dájú, mo kọ ọ́ nínú ìdánwò, mo sì gba máàkì. Ní ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá sí wọ́ọ̀dù tí mo wà, mo sì sọ ọ́ fún un, èmi fúnra mi, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. N kò mọ ibi tí obìnrin náà wà báyìí. Nígbà tí Ìyá Aláṣọ gbé ìwé rẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀, ojú ìyá yẹn ni mo rí. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa, àwọn mìíràn ti dán tíọ́rì náà wò, kò sì dúró.

Evelyn Hooker, onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í mi ìpìlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn èrò pé àìsàn ni, kí ìwé Bieber tilẹ̀ tó jáde. Ní ọdún 1957 ó tẹ èsì ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí ó ti wá ọkùnrin 30 tí ọkàn wọn ń fà sí ọkùnrin àti 30 tí ọkàn wọn ń fà sí obìnrin, àwọn tí kò sí lábẹ́ ìtọ́jú kankan. Ó dán wọn wò pẹ̀lú àwọn ìdánwò tí wọ́n fi ń yẹ ọkàn wò nígbà náà, títí kan èyí tí wọ́n fi àbàwọ́n yíǹkì ṣe, ó sì kó èsì fún àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà láìsọ ẹni tí ó ni èwo. Wọn kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá ọdún 1973, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà yọ ìfẹ́ láàárín akọ àti akọ tàbí abo àti abo kúrò nínú ìwé àìsàn wọn. Àjọ ìlera àgbáyé ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1990.

Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ó kan ìdílé yìí gbọ̀ngbọ̀n ni ti ọdún 1981. Alan Bell, Martin Weinberg àti Sue Hammersmith lo èsì ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n ṣe fún nǹkan bí 1,500 èèyàn ní agbègbè San Francisco, tí wọn kò sì dúró sí ọ̀dọ̀ dókítà nìkan láti wá wọn. Wọ́n rí i pé ohun tí ìyá àti bàbá ṣe kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ṣàlàyé ẹni tí ọkàn ọmọ yóò fà sí. Èyí tí ó hàn jù lọ ni pé púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin tí ọkàn wọn ń fà sí ọkùnrin kò ṣe eré bí àwọn ọmọkùnrin yòókù láti kékeré. Níbẹ̀ ni ìbéèrè tuntun ti yọjú: bí a bá rí bàbá tí ó jìnnà sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ṣé jíjìnnà bàbá ni ó sọ ọmọ di bẹ́ẹ̀ ni, àbí bàbá ni ó rí ọmọ tí kò jọ ohun tí ó ń retí, tí ó sì fà sẹ́yìn? Àwọn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ń rántí ohun tí ó ti pẹ́ ni, ìrántí sì lè yẹ̀. Síbẹ̀, ìbéèrè náà dúró.

Ó dúró pàápàá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, nígbà tí bàbá ọmọ náà wá bá mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ìrun Màgáríbì ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé wa, iná ti lọ, ó sì jókòó sínú òkùnkùn náà láìjẹ́ kí n tan jẹnẹrétọ̀. Mo ti ń múra láti gba ìbínú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá wa, ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi kà yẹn, èmi náà ni ó ń bú." Kò sí ẹni tí ó kíyè sí i nínú ìpàdé pé gbólóhùn náà ní apá méjì. Ti ìyá nìkan ni gbogbo ilé gbé. Ti bàbá, wọ́n fò ó, òun náà sì jẹ́ kí wọ́n fò ó, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ bí ó ṣe ń gba ẹjọ́ méjèèjì. Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí òun mú un lọ síbi tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Dutse-Alhaji. Bọ́ọ̀lù bà á lójú, ó sunkún, ó sì lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ó ń fi koríko hun nǹkan bí òrùka. Àwọn ọ̀rẹ́ òun rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí òun bá ti wálé, àwọn mẹ́ta àgbà ni òun ń mú jáde. "Mo fi í sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀," ó ní. "Èmi ni mo fi í sílẹ̀, wọ́n sì ní ìyá rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn jù."

Mo bi í léèrè nípa àkọ́bí rẹ̀. Ó ní nígbà tí èyíinì wà ní kékeré, Maiduguri ni òun wà, ìgbà mẹ́ta lọ́dún ni òun ń wálé, ìyá kan náà sì ni ó fi í sẹ́yìn. Àkọ́bí yìí ti ní ìyàwó àti ọmọ méjì. Mo sọ fún un pé ilé kan ṣoṣo kò lè fìdí tíọ́rì múlẹ̀, kò sì lè wó o, ṣùgbọ́n ilé kan ṣoṣo yìí náà ni wọ́n fi dá obìnrin yẹn lẹ́bi, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹni tí bàbá rẹ̀ jìnnà sí jù lọ nínú ilé náà ni ó kọ́kọ́ gbéyàwó.

Ọ̀rọ̀ ì bá rọlẹ̀ níbẹ̀, bí kò bá ṣe ti ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá kan tí ó jẹ́ dókítà, tí ó fi tọkàntọkàn wá láti gba ìyá náà sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ ìtọ́dàgbà, pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ó wà, àbínibí ni. Ó sọ fún wọn nípa ìbejì, èyí tí Yorùbá kankan kò ní ṣòro láti gbọ́: ní ọdún 1991, Michael Bailey àti Richard Pillard rí i pé bí ọkùnrin kan nínú ìbejì ẹyin kan, àwọn tí ẹyin kan ṣoṣo pín sí méjì di, bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, èkejì rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ó jẹ́ 22 láàárín ìbejì ẹyin méjì. Ó sọ fún wọn nípa ìwádìí Ray Blanchard pé bí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tí ìyá kan náà bí bá ṣe pọ̀ tó ni ó fi ń ṣeé ṣe díẹ̀ sí i pé kí àbúrò wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀, àti pé inú oyún ni wọ́n rò pé ó ti ń ṣẹlẹ̀. Èrò rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n kí ó tó mu omi tí wọ́n gbé fún un tán, àbúrò bàbá, obìnrin ọjọ́sí, ti béèrè pé, "Inú ta ni oyún náà wà?" Ẹnìkan tún béèrè bóyá wọ́n ṣe ìwádìí ìdílé ìyá dáadáa kí wọ́n tó fẹ́ ẹ. Ẹ̀bi tí wọ́n gbé kúrò lórí ẹsẹ̀ ìyá, inú rẹ̀ ni wọ́n tún gbé e sí.

Mo ní láti sọ fún dókítà kékeré náà pẹ̀lú ìfẹ́ pé òun náà ti sọ ọ́ kọjá ibi tí ẹ̀rí dé. Inú ìwé ìròyìn àwọn ọkùnrin tí ó ń fẹ́ ọkùnrin ni wọ́n ti kéde láti rí àwọn ìbejì ọdún 1991. Nígbà tí wọ́n wá ṣe é pẹ̀lú ìwé orúkọ gbogbo ìbejì, ìdá náà kéré sí i. Àní nínú ti àkọ́kọ́ pàápàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn ìbejì ẹyin kan tí èkejì kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó pín ẹ̀jẹ̀ kan náà láìku ẹyọ kan. Ní ọdún 2019, wọ́n yẹ àbùdá nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn wò, wọn kò rí jíìnì (ẹyọ àbùdá) kan ṣoṣo tí a lè nàka sí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kéré jọjọ, a kò sì lè fi wọ́n sọ tẹ́lẹ̀ bí ẹnì kan yóò ṣe rí. Ní ti ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọmọkùnrin kẹrin ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí obìnrin. Ohun tí a lè sọ ni pé ẹ̀rí tí ó wà fún ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí a tó bí ọmọ lágbára ju èyí tí ó wà fún ìtọ́dàgbà lọ, àti pé a kò rí èyí tí ó fi ọwọ́ sọ ìyá tàbí bàbá pé ìwọ ni. Ìyá àgbà, ìyá bàbá ọmọ náà, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ni ó wá sọ láti orí ẹní rẹ̀ pé ibì kan náà ni a ti yan orí, kádàrá ni kò papọ̀. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá kò fi ilé àdúrà sílẹ̀. Ó ní ìwé náà sọ pé dókítà ńlá kan ti fi hàn pé wọ́n lè yí padà. Mo mọ ẹni tí ó ń sọ: Robert Spitzer, ẹni tí ó ṣe gudugudu méje nínú ìpinnu ọdún 1973. Ní ọdún 2003 ó tẹ ìwádìí kan jáde tí ó ṣe lórí tẹlifóònù pẹ̀lú 200 èèyàn tí wọ́n sọ pé àwọn ti yí padà. Ní ọdún 2012, ó jáde fúnra rẹ̀ láti sọ pé òun kò ní ọ̀nà láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fi àkókò àti agbára wọn ṣòfò lórí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Wọn kò fi apá kejì ìtàn yìí sínú fọ́tòkópì náà. Bàbá ọmọ ni ó parí ọ̀rọ̀ Mararaba. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, ọmọ mi kò lọ." Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n kò tíì wá sí ilé wọn mọ́.

Ọmọ náà wá rí mi lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti ń mókun. Ẹ̀gbọ́n bàbá ti ní kí n bi í bóyá ẹnìkan bá a ṣèṣekúṣe ní iléèwé oníbùgbé. Mo bi í nígbà tí a dá wà, ó ní rárá, mo sì gbà á gbọ́. Ó ní òun náà ti wá ohun tí ó fà á títí, pé kò sí ohun tí òun kò kà, pé nígbà kan òun ń ka iye ìgbà tí ìyá òun gbé òun pọ̀n. (Mo rántí ìwé onírúlà ìyá rẹ̀, ọmọ kò mọ̀ nípa rẹ̀.) Lẹ́yìn náà ó ní, "Màmá, àwọn ẹ̀gbọ́n mi tí ọkàn wọn ń fà sí obìnrin, ta ló bi wọ́n rí pé kí ló fà á?" Mo sọ fún un pé Freud ti kọ irú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé rẹ̀ kan ní ọdún 1915, pé ìfẹ́ ọkùnrin sí obìnrin náà nílò àlàyé, kì í ṣe ohun tí ó yé wa fúnra rẹ̀. Ẹnu yà á. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀.

Ìwé àgùnbánirọ̀ rẹ̀ dé nínú oṣù Kẹfà, wọ́n gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Bàbá ni ó gbé báàgì rẹ̀ dé gáréèjì Zuba, kò sì bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀ lójú ọ̀nà. Ìyá Aláṣọ ṣì ń sùn sí yàrá tí wọ́n ní kí ó kó lọ. Ó ní ọkọ òun ti ní kí òun padà, òun ni òun kò tíì ṣe tán.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ọmọ lọ, bàbá béèrè fún ìwé ìkọ̀wé náà. Mo ti dá a padà fún ìyá láti ìgbà pípẹ́. Ó kà á lábẹ́ iná láti ewé àkọ́kọ́ dé òpin, nígbà tí ó sì padà sí ọdún tí ọmọ náà pé méje, ó ní kí wọ́n fún òun ní bírò. Ó fa ìlà sí iye tí ó wà ní oṣù Kẹjọ, ó sì kọ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ọjọ́ méjì, mẹ́ta ni, nítorí pé òru ni òun dé láti Gusau ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìyá Aláṣọ kò bá a jiyàn. Ó ní òun rántí òru náà, òjò ń rọ̀, ọmọ sì ti sùn.